Ẹ Kọ Owó Ẹrù Sára Ògiri Páàkì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o. Ọmọ Òṣogbo ni mí, Òkè-Fìà ni mò ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹrù ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, àgàgà ẹrù ẹni tó ń dá rìn.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, mo rin ìrìn àjò kan tó ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ọjọ́ mẹ́jọ, èmi nìkan, àpò ńlá kan lẹ́yìn mi, ọkọ̀ èrò látòkè délẹ̀. Mo ti Òṣogbo lọ sí Iléṣà, mo yà ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà lọ wo omi Olúmirìn, mo dé Ìdànrè, mo gun àtẹ̀gùn òkè rẹ̀ tó lé ní 600, mo gba Àkúrẹ́ lọ sí Ìbàdàn, kí n tó padà sílé. Nígbà tí mo ń di ẹrù, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ìwọ nìkan? Bí o bá fẹ́ lọ tọ̀ ńkọ́, ta ni yóò máa ṣọ́ ẹrù?” Mo rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé ìyá mi ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Bí èèyàn bá jẹ́ méjì, ẹnì kan á dúró ti ẹrù, ẹnì kejì á lọ béèrè owó ọkọ̀, á lọ ra omi, á wo ọkọ̀ tó dára. Ẹni tó dá wà kò lè gbé àpò kalẹ̀ níbì kan. Pẹ̀lú àpò lẹ́yìn ni yóò fi ra omi, òun náà ni yóò gbé wọ ilé ìgbẹ́. Àwọn agbèrò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn kì í lè dúró ná owó. Kí o tó la ẹnu, wọ́n ti já àpò gbà léjìká rẹ, wọ́n ti sọ ọ́ sínú ọkọ̀. Bí ẹrù rẹ bá ti wọlé, ìwọ náà ti wọlé nìyẹn.

Báyìí ló ṣe rí fún mi ní páàkì kan n'Ìbàdàn. “Anti, Òṣogbo! Ó ku ẹnì kan!” Mi ò tíì dáhùn tí àpò fi kúrò lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo fi máa bá a dé ìdí ọkọ̀, ó ti wà nínú bùútù láàárín kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì àti àpò gààrí kan, wọ́n sì ti ń fi okùn so ìlẹ̀kùn bùútù náà nítorí kò lè padé mọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, èló lowó ẹrù?” Wọ́n ní, “Ẹ wọlé ná, Anti mi, kò le.” Èrò mẹ́rin ni a ṣì dúró dè lẹ́yìn “ó ku ẹnì kan” yẹn.

A ti kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta dòdò Ìkirè, Gbọ̀ngán ò sì jìnnà mọ́, kí awakọ̀ tó sọ ọ́ jáde pé owó ẹrù mi jẹ́ náírà 2,000. Owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, náírà 3,500 ni mo san. Mo ní a ò jọ sọ bẹ́ẹ̀. Ó wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n gbé ẹrù mi. Ilẹ̀ ti ń ṣú, igbó ló wà lọ́tùn-ún, igbó ló wà lósì. Màmá tó jókòó tì mí, tí epo inú kẹ́ẹ̀gì jẹ́ tiwọn, fi ọwọ́ kan orúnkún mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, san án. Èmi náà á san tèmi.” Wọ́n san 1,000 lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé Òṣogbo, ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì náà ti jò sára àpò mi, ó ti wọ inú aṣọ, ó ti wọ inú ìwé tí mò ń kọ ìrìn àjò mi sí. Títí di òní, bí mo bá ṣí ìwé yẹn, òórùn epo ló ń kọ́kọ́ kí mi.

Olóòtú, n kò sọ pé kí awakọ̀ má gbowó ẹrù. Ẹrù ń gba àyè, ó ń jẹ epo, ó ń pa táyà. Gbogbo wa la mọ bí epo bẹntiróòlù ṣe fò sókè láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé àárín ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá iye lé e, níbi tí èèyàn kò ti lè sọ pé òun kò lọ mọ́.

Mo sì ti rí ẹni tó ṣe é bó ṣe yẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò nílé, bàbá àgbàlagbà kan tó ń wa kọrọ́pè ní Ọlaìyá wo àpò mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, àyè ẹnì kan ni èyí máa gbà. Bí o bá máa san ti èèyàn méjì, wọlé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lọ dúró de Márúwá.” Mo san ti èèyàn méjì. Àpò mi jókòó tì mí bí ọmọ ìyá mi. Nígbà tí arákùnrin kan ní kí n gbé e lẹ́sẹ̀ kí òun ráyè jókòó, bàbá náà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn: “Ẹni yẹn ti sanwó.”

Kí n sọ tiwa náà tí à ń gbé ẹrù. Ẹ̀bi wà lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ kẹta, mo bẹ ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù kó bá mi gbé àpò mi sórí òṣùwọ̀n rẹ̀: kílò 17! Bàtà mẹ́ta, áyọ́ọ̀nù, táwẹ́ẹ̀lì ńlá, agolo mílíìkì. Mo kó èyí tí n kò nílò, mo fi rán ìbátan mi kan tó ń bọ̀ nílé, ó ku kílò 9. Ohun tó bá wúwo, ẹ kó o sí ibi tí yóò fara ti ẹ̀yìn yín, láàárín méjì èjìká, kó má wà ní ìsàlẹ̀ àpò. Ẹ sì di bẹ́líìtì àpò mọ́ ìbàdí gírígírí, kí ìbàdí bá èjìká rù ú. Àwọn ìyá wa tó ń fi òṣùká gbé ẹrù, tí wọ́n tún gba ọ̀já mọ́dìí, kò sí ohun tí a fẹ́ kọ́ wọn níbẹ̀. Owó, fóònù àti káàdì ìdánimọ̀, àpò kékeré tó wà láyà ni kí wọ́n wà. Ẹ mú ṣéńjì dání. Ẹ wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní àárọ̀, bùútù rẹ̀ ṣì ṣófo. Ọ̀kadà ni kí ẹ yẹra fún bí àpò bá wúwo. Bó bá ti tẹná sí i, ńṣe ni ẹrù máa ń fà yín sẹ́yìn. Màá kúkú san owó Márúwá.

Oṣù Kẹjọ ń bọ̀, ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀. Láti ọdún 2005 tí UNESCO ti fi igbó Ọ̀ṣun sára ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé, àlejò tó ń wá ń ti ọ̀nà jíjìn wá, pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Àjèjì lójú, kò fi ríran. Láti kékeré ni mo ti máa ń dúró lọ́nà igbó láti wo Arugbá. Bí ọmọbìnrin yẹn bá ti ru igbá, gbogbo ìlú á yà fún un, wọ́n á yí i ká, wọ́n á máa gbàdúrà kó má fẹsẹ̀ kọ. Mo mọ̀ pé ẹbọ ìlú yàtọ̀ sí àpò aṣọ. Síbẹ̀, kò yẹ kí àlejò tó wá wo Arugbá dé páàkì wa kí wọ́n já ẹrù gbà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀yin alága páàkì, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sára ògiri: àpò tí èèyàn lè gbé lé itan, ọ̀fẹ́, àpò ńlá, iye báyìí, àpò gààrí, iye báyìí, kẹ́ẹ̀gì, iye báyìí, kí epo sì ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí agbèrò má fọwọ́ kan ẹrù títí olówó rẹ̀ yóò fi gbà. Yàrá kan tí a lè fi ẹrù pamọ́ sí fún wákàtí méjì, kí á san owó díẹ̀, yóò dára púpọ̀. Ní Àkúrẹ́, ìyá oníbúrẹ́dì kan bá mi ṣọ́ àpò mi tí mo fi lọ jẹun. Mo fún wọn ní 500, wọn ò gbà. Wọ́n ní kí n kúkú ra búrẹ́dì.

Ara pátákó ni mo ń kọ̀wé sí lójoojúmọ́, lẹ́tà mi sì ń hàn kedere. Bí alága páàkì kankan nílùú yìí bá gbà, kó ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ìwé ìròyìn yín. Èmi ni n ó ra ọ̀dà, èmi ni n ó ra búrọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ Sátidé ni mo máa wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo