Ẹ má tíì gba kóòtù funfun lọ́wọ́ ọmọ yẹn

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àtilẹ́yìn èdè wa.

Mo ka lẹ́tà bàbá kan tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá tó ní ọmọ òun obìnrin wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì l'Amẹ́ríkà níbí lóṣù kẹjọ, dókítà ló lóun fẹ́ ṣe, nígbà tí èsì sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ wá jáde, 2.3 nínú 4.0 ni wọ́n bá níbẹ̀ fún GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba gíréèdì ẹ̀, ni wọ́n bá ṣèpàdé ẹbí, wọ́n ní kó yáa fi premed, ìyẹn ìmúrasílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, sílẹ̀ kó lọ wá nǹkan tí agbára ẹ̀ ká, kí owó tó ṣòfò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bíi pé dádì mi ló kọ ọ́ ló ń ṣe mí.

Torí 2.34 ni tèmi. Kẹ́mísírì C, báólọ́jì C+, kákúlọ́ọ̀sì C, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ṣàánú mi tó gbé B+ wá. Èmi tí mo jáde haiskúùlù pẹ̀lú A tó pọ̀ débi pé mọ́mì mi fi èsì mi ṣe àwòrán WhatsApp wọn. Mo wà nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn báyìí, ọdún kẹta, mò ń tẹ̀lé àwọn dókítà kiri inú wọ́ọ̀dù látàárọ̀, ẹsẹ̀ ń dùn mí, ìdí tí mo fi lẹ́nu láti dá sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀kan. Lọ́pọ̀ yunifásítì níbí, premed kì í ṣe kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gbani wọlé sí. Ọ̀nà ni. Ọmọ lè máa ka ìtàn, kó máa ka ìṣirò, kódà kó máa ka orin, tó bá ṣáà ti ṣe báólọ́jì ọdún kan, kẹ́mísírì ọdún kan, organic chemistry, físíìsì, pẹ̀lú làábù wọn, tó fi biochemistry lé e torí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ń bèèrè ẹ̀ báyìí, tó sì jókòó ṣe MCAT, ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kó kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀ kó fi ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lé ọmọ yín kúrò níbì kankan o, dádì. Ìpàdé ẹbí ló lé e.

Ẹ wá gbé fóònù yín jáde ká jọ ṣe ìṣirò. Ọdún mẹ́rin, sẹ̀mẹ́sítà mẹ́jọ, ká ní kírédíìtì 15 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́nì kan bá gba 2.34 nínú àkọ́kọ́ tó wá ń gba 3.8 nínú méje tó kù, nǹkan bíi 3.62 ló máa parí sí. Tó bá jẹ́ 3.7 ló ń gbà, 3.53. Àwọn tó ń rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó ń fúnni ní oyè MD l'Amẹ́ríkà, tá a bá da GPA gbogbo wọn pọ̀ tá a pín in, ó lé ní 3.7, mi ò wá ní parọ́ fún yín pé kò sí kòtò níbẹ̀, kòtò wà, àmọ́ àwọn tí tiwọn ò tó bẹ́ẹ̀ náà ń wọlé lọ́dọọdún. Fọ́ọ̀mù AMCAS tí wọ́n fi ń wọlé yìí, ọdọọdún ló ń to gíréèdì sí, ọdún kìíní lọ́tọ̀, ìkejì lọ́tọ̀, ẹni tó bá ń kà á á fojú ara ẹ̀ rí i bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń gòkè.

Kì í tètè gòkè ṣá. Mo ṣe 3.5 ní sẹ̀mẹ́sítà kejì, mo jó nínú yàrá, mo wá ṣí pọ́tàlì ilé ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí n wo àpapọ̀ ẹ̀, 2.88 ló wà níbẹ̀. Mo sunkún ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí: December tí èsì ń jáde kì í pa ọmọ premed, January tí sẹ̀mẹ́sítà kejì ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọkùnrin kan wà tá a jọ ń ṣe làábù, èsì tiẹ̀ ò tiẹ̀ burú tó tèmi, ó ti ìsinmi dé ó ní òun máa fi han gbogbo ayé, ó gbé kírédíìtì 18, ó tún lọ ń ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ prof kan, ó tún ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ọsibítù lálẹ́ Friday torí wọ́n ti sọ fún un pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fẹ́ràn ẹ̀. Kó tó di spring break, inú lẹ́kíṣọ̀ ló ti ń sùn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọsibítù ò sá lọ, ó ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀, àdífáísọ̀ mi, ẹni tó ń gbà mí nímọ̀ràn lórí kọ́ọ̀sì, ni ò gbà. Obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín rárá. Ó wo ìwé mi, ó fi báírò fagi lé kọ́ọ̀sì kan, ó fagi lé ìkejì, ó ní kírédíìtì 13 ni màá ṣe, sáyẹ́ǹsì ò gbọdọ̀ ju méjì lọ, ó ní 12 ló ń jẹ́ kéèyàn ṣì jẹ́ full-time kí owó ìrànwọ́ má bàa dín kù, ó ní ìgbéraga ni gbogbo yòókù. Inú bí mi débi pé mi ò dágbére fún un. Òótọ́ ló sọ.

Àmọ́ ká dín kírédíìtì kù nìkan ò tó, torí kì í ṣe pé mi ò kàwé ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ yẹn. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, mo kàwé! Tẹ́ ẹ bá rí ìwé kẹ́mísírì mi, mo ti fi háíláítà yẹ́lò kun gbogbo ẹ̀ pátá, ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo tí mi ò kùn ló ń fani lójú mọ́ra jù. Màá kà á, màá tún un kà, á yé mi kedere, màá pa iná sùn. Tó bá wá dọjọ́ ìdánwò, ìbéèrè máa dà bí ojú ẹni téèyàn mọ̀ níbì kan tí orúkọ ẹ̀ ò wá sẹ́nu. 58 ni mo gbà nínú midterm àkọ́kọ́, mo sì ti rò pé mo ṣe dáadáa.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo tó lọ sí office hours, ìyẹn àkókò tí prof máa ń jókòó de akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì ẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà prof yẹn lẹ́ẹ̀mejì mo padà sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kẹta ló rí mi, ó ní kí n wọlé. Mo ṣí ìwé mi kí n fi ibi tí ò yé mi hàn án, ó ní kí n pa á dé. Ó fún mi ní máákà, ó ní kí n lọ sídìí pátákó kí n ṣàlàyé fún òun, kí ló dé tó rọrùn fún sodium láti yọ̀ǹda ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan? Mo ní torí pé Group 1 ló wà, òpó kìíní lórí tábìlì àwọn ẹ́lẹ́míǹtì. Ó ní, "Àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lo sọ yẹn, mi ò bèèrè ibi tó ń gbé." Mo dúró síbẹ̀, máákà ń bẹ lọ́wọ́ mi, kò ràn mí lọ́wọ́, ó kàn ń mu kọfí ẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán, mọ́kànlá ni gbogbo ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ẹ̀, mẹ́wàá ti kúnlé sínú, ọ̀kan ṣoṣo ló dá wà níta, ó jìnnà sí àárín, mẹ́wàá tó wà nínú ò sì jẹ́ kí agbára àárín yẹn fà á dáadáa. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n. Bó o ṣe máa máa kàwé nìyẹn, pa á dé kó o tó sọ pé o mọ̀ ọ́n."

Ó ti pẹ́ táwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ìrántí ti rí i. Roediger àti Karpicke ṣe é ní 2006, wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa tún nǹkan kan náà kà, káwọn kan kà á kí wọ́n wá máa dán ara wọn wò láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń tún un kà ló mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n nígbà tọ́sẹ̀ kan pé, àwọn tó dán ara wọn wò ló rántí jù. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni mo fi tan ara mi jẹ fún odindi sẹ̀mẹ́sítà kan. Mo da háíláítà nù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé funfun lásán, màá kọ gbogbo ohun tí mo rántí sí i kí n tó ṣíwèé, ibi tó bá ṣófo lórí ìwé yẹn ni màá lọ kà. Mo tún ń lọ sí SI, ìyẹn Supplemental Instruction, níbi tí ẹni tó ti yege nínú kọ́ọ̀sì náà ti máa ń kó àwọn èèyàn jọ. Ojú máa ń ti àwa ọmọ yín láti lọ, a rò pé ibi àwọn olódo ni, bẹ́ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní University of Missouri–Kansas City ní 1973, kọ́ọ̀sì tó le ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún àwọn olódo.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé kó lọ tún C ṣe kí tuntun lè pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. AMCAS ń ka méjèèjì ni. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ D.O., ìyẹn oyè dókítà kejì tó wà l'Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí MD, ló máa ń gbà kí tuntun rọ́pò àtijọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fòpin sí i ní 2017. D tàbí F, kò sọ́gbọ́n, ó máa tún un ṣe, torí C ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń bèèrè ó kéré tán. C ní tiẹ̀, kó lọ di ihò inú ẹ̀ fúnra ẹ̀ kó tó bọ́ sínú organic, torí organic ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. W, ìyẹn àmì pé èèyàn yọ ara ẹ̀ kúrò nínú kọ́ọ̀sì kó tó parí, kì í wọnú GPA, ọ̀kan ò lè ba nǹkan jẹ́, tó bá ti wá ń pọ̀ ni wọ́n á máa bi í pé kí ló ń lé e.

Bàbá yẹn tún ráhùn pé ilé ìwé ò gbà láti fi èsì ọmọ han òun, "èmi tí mò ń sanwó". Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni, FERPA, ó ti wà láti 1974, ọmọ tó bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ni ìwé ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà àfi tó bá fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fún yín. Ṣé ẹ wá rí i, òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ 2.3 yẹn fún yín! Ẹ ò mọ ohun tó ná an. Èmi fi tèmi pa mọ́ títí di oṣù kẹta, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè màá ní "ó ń lọ dáadáa, mà", lẹ́yìn tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀ mi ò ní lè jẹun. Inú mọ́tò ni mo ti sọ fún mọ́mì mi. Wọ́n paná ọkọ̀, wọ́n dákẹ́, mo ń retí "kí làwọn yòókù gbà", wọ́n wá ní, "Ṣé ò ń sùn?" Mọ́mì mi ò mọ nǹkan kan nípa kẹ́mísírì o, ìbéèrè yẹn ló sì bọ́ sí i jù, torí wákàtí mẹ́rin ni mò ń sùn.

Dádì mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì kì í ṣe ààtàn tí wọ́n ń da ẹni tí ò yege sí, àwọn náà ń ṣe kẹ́mísírì, wọ́n ń ṣe anatomy, ẹni tó ń sá fún ìwé ò lè rí ibi sá sí níbẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ló máa di dókítà. Tó bá ti yí bó ṣe ń kàwé padà, tó ti ń sùn, tó ti wá ìrànlọ́wọ́, tí sẹ̀mẹ́sítà kẹta àti ìkẹrin ṣì ń rí bákan náà, ẹ lè jọ jókòó sọ ọ́, kó jẹ́ òun ló máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn náà, post-bacc ṣì wà fún ẹni tó bá parí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fẹ́ fi kún sáyẹ́ǹsì ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a jọ wọlé ló ti ṣe ọdún kan, ọdún méjì níta kí wọ́n tó dé.

Olóòtú, tẹ́ ẹ bá ní nọ́ńbà bàbá yẹn, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n pè é lálẹ́ òní, kí wọ́n má bèèrè gíréèdì rárá. Kí wọ́n ní kó sọ bó ṣe kàwé fún midterm kejì, lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, wákàtí sí wákàtí, kí wọ́n sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Èmi ni ọmọ yín,
Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan,
Maryland