Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: káàdì Kérésì àti ìwé fọ́tò Màmá

Manchester,
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá.

Àdùkẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bá mi kúnlẹ̀ fún Màmá. Sọ fún wọn pé àlàáfíà ni a wà, òtútù nìkan ló ti dé.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Ohun méjì lo bèèrè: bí ẹ ó ṣe fi ọwọ́ ara yín ṣe káàdì Kérésì, àti bí ẹ ó ṣe to àwọn fọ́tò àtijọ́ inú àpótí Màmá sínú ìwé kí ọdún 70 wọn tó pé ní oṣù Kìíní. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohunkóhun, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù kan fọ́tò kankan nínú àpótí yẹn. Wọn ò ní ẹ̀dà níbòmíràn. Ẹ̀dà tí a bá ṣe ni a ó lẹ̀. Ojúlówó á padà sínú àpótí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti káàdì, torí àsìkò rẹ̀ ti ń lọ. Ìwé tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì, gíráàmù 80 (ìyẹn ìwọ̀n ìwé tó fẹ̀ tó mítà kan ní òró àti ìbú), kò lè dá dúró. Béèrè fún èyí tó nípọn, gíráàmù 250 sí 300, ìwọ̀n A4. Gé A4 kan sí méjì gba àárín, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 21 sí 14.8 sẹ̀ǹtímítà, kí o wá ṣẹ́ wọn po. Káàdì méjì nìyẹn. Má ṣẹ́ odidi A4 po láti fi ṣe káàdì ńlá kan. Ìwé ní fọ́nrán nínú bí igi ṣe ní in, ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni fọ́nrán náà dojú kọ. Nínú ọ̀pọ̀ A4, ẹ̀gbẹ́ gígùn ló bá lọ. Bí o bá ṣẹ́ ìwé lòdì sí fọ́nrán rẹ̀, ẹ̀yìn káàdì á là, funfun á máa yọ nínú ìwé aláwọ̀. Bí o bá ti gé e sí méjì kí o tó ṣẹ́ ẹ, ìṣẹ́po náà á bá fọ́nrán lọ, á sì jọ̀lọ̀. Bí o bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí fọ́nrán gbà, rọra tẹ ìwé náà síbùú, kí o tún tẹ̀ ẹ́ sóòró, láì ṣẹ́ ẹ. Ọ̀nà tí kò ti bá ọ jà ni kí o gbà ṣẹ́ ẹ.

Kí o tó ṣẹ́ ẹ, fi báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà gba àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà onírin. Ìlà náà á jinlẹ̀ lójú kan, á sì yọ gọngọ lójú kejì. Ojú tó yọ gọngọ ni kí ó wà nínú káàdì. Èyí tí ojú máa ń fẹ́ ṣe ni òdìkejì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ káàdì fi ń ya létí. Ìgbà tí o bá ṣẹ́ ẹ tán, fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ń gé ìwé, ìwọ fúnra rẹ ni kí o di bíléèdì mú, kì í ṣe àwọn ọmọ. Fà á lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gé e tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni rúlà ń yọ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Iwájú káàdì ò nílò nǹkan rírà. Àjákù aṣọ ẹbí tó wà nílé ti tó. Fi áyọ́ọ̀nù lọ ànkárá kí ó tẹ́, kí o fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ pa ojú ibi tí o máa gé, jẹ́ kí ó gbẹ, kí o tó wá gé e ní 6 sí 9 sẹ̀ǹtímítà. Bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ ò ṣe ní máa tú. Ìgbà tí o bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, ìwé ni kí o fi gọ́ọ̀mù sí, má fi sí aṣọ. Tẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú káàdì báńkì tó ti kú, kí o wá gbé aṣọ lé e. Gọ́ọ̀mù tí o bá kùn sí aṣọ á yọ sókè, á dà bí àbàwọ́n òróró. Léèsì ò ṣe é lẹ̀ rárá nítorí ihò ara rẹ̀. Gán an mọ́ ìwé: fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí ìwé lórí fóòmù ná, kí o tó fa òwú gbà á, kí ìwé má baà ya. Àdìrẹ Ìtòkú ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀, àmọ́ aró máa ń ràn. Fi aṣọ funfun tútù rin ín wò. Bí aṣọ funfun náà bá pa aró, má jẹ́ kí àdìrẹ náà fara kan fọ́tò.

Ní ti gọ́ọ̀mù, èyí funfun tó ń ṣàn ní omi púpọ̀ nínú. Omi yẹn ló ń mú káàdì ká kò: ojú kan mu omi, ó wú, ojú kejì gbẹ. Gọ́ọ̀mù ọ̀pá, èyí tí wọ́n ń yí sókè bí ìkunètè, ló dára fún lílẹ ìwé mọ́ ìwé. Káàdì tó bá sì ti ká, kì í bọ̀wọ̀ fún agídí. Fi ìwé funfun méjì há a láàárín, gbé Bíbélì ńlá lé e di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi ẹ̀kọ tàbí sítáàṣì lẹ nǹkan kan. Oúnjẹ ni fún aáyán àti èèrà, wọ́n á sì jẹ ìwé mọ́ ọn.

Àwọn ọmọ á fẹ́ èyí tí nǹkan ń dìde nínú rẹ̀. Mú ìwé tó fẹ́lẹ́ díẹ̀, gíráàmù 120 sí 160, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú káàdì, kí o ṣẹ́ ẹ po. Láti ojú ìṣẹ́po, fi àlùmọ́gàjí gé e wọlé lójú méjì, 3 sẹ̀ǹtímítà ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo 2 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín. Fa ìlà níbi tí gígé méjèèjì parí sí, ṣí ìwé náà, kí o ti ahọ́n àárín wá síwájú. Ó di àpótí kékeré. Lẹ àwòrán mọ́ iwájú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ àwòrán bá ìsàlẹ̀ àpótí dọ́gba, kí o wá lẹ ìwé náà mọ́ inú káàdì. Gọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn àpótí yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dìde mọ́. Gíga àwòrán kò sì gbọdọ̀ ju 7 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìdí ni pé bí káàdì bá padé, àpótí á gba 3, àwòrán á gba 7, ó di 10, ìbú káàdì sì jẹ́ 10.5. Bí ẹ bá ṣe é ní 8, orí ẹni inú àwòrán á yọ síta.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́. Lẹ́tà alẹ̀mọ́ tí wọ́n ń tà kì í sábà ní àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ohùn ò sì sí lórí rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fi kọ "ọkọ̀" ò ní mọ ohun tí òun kọ. Bí àwọn ọmọ bá ta kú pé lẹ́tà alẹ̀mọ́ làwọn fẹ́, kí wọ́n fi péènì sàmì sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ tán. "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé" ti tó, kí orúkọ ọmọ tó ṣe é wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọdún. Ẹ́ńfílọ́ọ̀pù C6, 11.4 sí 16.2 sẹ̀ǹtímítà, ló gba káàdì yìí. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ níhìn-ín kí oṣù Kọkànlá tó parí, ẹ fi gbogbo rẹ̀ rán an, èmi ni n ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí tó wà káàkiri ìlú yìí. Lẹ́tà kékeré níbí kò gbọdọ̀ nípọn ju mílímítà 5 lọ, nítorí náà ẹ fi bọ́tìnì àti ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ló ń sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá tí owó rẹ̀ wọ́n.

Sọ èyí fún àwọn ọmọ: ní ọdún 1843, ní London, Henry Cole ní kí ayàwòrán John Callcott Horsley ya káàdì Kérésì fún òun, ó sì tà á ní ṣílè kan ẹyọ kan. Ẹbí tó jókòó yí tábìlì ká ló wà láàárín àwòrán náà, àwọn tó ń fún aláìní ní oúnjẹ àti aṣọ wà lápá òsì àti ọ̀tún. Àwòrán ẹbí lórí káàdì kì í ṣe àṣà tuntun.

Ó ku ìwé Màmá. Lórí fóònù tàbí ẹ̀rọ skáànì ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá rí ibi tí wọ́n ń ṣe skáànì, ní kí wọ́n ṣe é ní dpi 600 (ìyẹn àmì 600 nínú ínṣì kan), nítorí fọ́tò kéékèèké ni púpọ̀ nínú wọn. Bí fóònù ni, tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ nítòsí fèrèsé níbi tí oòrùn ò ti ta sí i, pa iná fóònù, kí fóònù sì tẹ́jú bí fọ́tò ṣe tẹ́jú. Má fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp bíi fọ́tò, nítorí á fún un kéré. Fi í ránṣẹ́ bí ìwé, níbi tí wọ́n kọ "Document" sí. Àwọn tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù, tí ọ̀rá bò lójú, má fi ìka fà wọ́n. Ti òwú tí wọ́n fi ń yọ oúnjẹ láàárín eyín bọ abẹ́ etí kan, kí o máa fà á síwá-sẹ́yìn bí ayùn. Bí kò bá gbà, jẹ́ kí ó wà níbẹ̀, ya á bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù náà, orí gíláàsì ni kí o ti ya á. Ìwé ìròyìn tí wọ́n gé pamọ́ á máa pọ́n síwájú sí i, á sì ba ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀ jẹ́. Fọtokọ́pì rẹ̀ ni kí ó wọ inú ìwé.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ni kí ẹ ti fọ ẹ̀dà. Èyí tí ẹ̀rọ oníyíǹkì tẹ̀ nílé á ṣàn bí omi bá kán sí i. Tò wọ́n sórí ìwé A4 gíráàmù 200, kí o fi 3 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lápá òsì fún ihò fáìlì. Má kó ju mẹ́ta lọ sójú kan. Dípò gọ́ọ̀mù, ẹ ṣe ìdákọ̀ igun: gé ìwé ní 3 sí 1.5 sẹ̀ǹtímítà, ṣẹ́ igun òkè méjèèjì wálẹ̀ kí wọ́n pàdé láàárín, ó di onígun mẹ́ta. Ojú tó dán ló ń wà lókè. Ojú tó ní etí méjì ni o máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìwé. Igun fọ́tò á wọ inú rẹ̀, ẹ ó sì lè yọ ọ́ nígbàkígbà.

Èyí tí mo gbé lé ọ lọ́wọ́ jù ni orúkọ. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún, kọ orúkọ, oríkì, ilé tí wọ́n ti wá, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Jókòó ti Màmá lówùúrọ̀ nígbà tí ara wọn bá yá, fọ́tò márùn-ún lójúmọ́, kí fóònù máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọn ò bá rántí ọdún, má bèèrè ọdún. Bèèrè bóyá náírà ni wọ́n ń ná nígbà náà tàbí pọ́n-ùn. January 1973 ni náírà dé. Bèèrè bóyá ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún. April 1972 ni wọ́n yí i. Bèèrè bóyá wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, 1976 nìyẹn. Lẹ́yìn ojúlówó, pẹ́ńsùlù 2B ni kí o fi kọ ọ́, jẹ́jẹ́, létí. Báírò á yọ sí ojú fọ́tò. Lẹ́yìn náà, kó wọn padà sínú àpótí, kí àpótí má sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí nítòsí àjà.

N ó fi ọ̀rá àkìbọ̀wé 50 rán ẹni tó ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀. Polypropylene ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Má gba PVC, irú ọ̀rá mìíràn, bí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́ lọ́jà, ó ń lẹ̀ mọ́ fọ́tò.

Nínú fọ́tò ìgbéyàwó Màmá, ọmọbìnrin kan dúró lápá òsì, ó gbé àwo dání. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú àwa ọmọ. Òun ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la, kí o sì fi ohùn Màmá ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.