Lẹ́tà sí Bọ́láńlé lórí Ọ̀rọ̀ Kíndìnrín Bàbá

Tánkẹ̀,
Ìlọrin.

Bọ́láńlé ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù Kánádà. O ní àwọn ẹbí ní Òmù-Àrán ń sọ pé ẹni ọdún 68 ti dàgbà jù fún iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ kíndìnrín, pé kí Bàbá máa fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lọ bẹ́ẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Èmi tí mo ń ṣe nọ́ọ̀sì nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yìí kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Kò sí iye ọdún pàtó tí ìmọ̀ ìṣègùn sọ pé bí ènìyàn bá ti kọjá rẹ̀, kò gbọdọ̀ gba kíndìnrín mọ́. Ọkàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti bóyá jẹjẹrẹ fara pamọ́ sí ibì kan ni àwọn dókítà ń wò. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999 fi àwọn tó gba kíndìnrín wé àwọn tó ṣì ń retí tiwọn lórí ẹ̀rọ, ó sì fi hàn pé a lè retí kí àwọn ẹni ọdún 60 sí 74 tó rí i gbà fi bí ọdún 4 pẹ́ láyé ju àwọn tí kò rí gbà lọ. Àwọn ẹni ọdún 20 sí 39 jèrè bí ọdún 17, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ fún bàbá tó ń retí ìgbéyàwó àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rù wà: ní ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ewu ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 3 ti ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ, kí ó tó máa wálẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àyẹ̀wò ọkàn.

Ara àgbà kì í sábà bá kíndìnrín àjèjì jà bíi ti ọ̀dọ́, nítorí agbára tí ara fi ń gbógun ti àjèjì ti dínkù. Àmọ́ oògùn tó ń dá ìjà náà dúró tún ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò àrùn àti jẹjẹrẹ, débi pé ọ̀pọ̀ àgbà ló ń kú nígbà tí kíndìnrín tí wọ́n gbà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ti àwọn ọ̀dọ́ yàtọ̀. Láàárín àwọn ẹni ọdún 17 sí 24 ni kíndìnrín tí wọ́n fi sí ara ti ń bàjẹ́ jù, ara ohun tó sì ń fà á ni pé wọ́n ń fi oògùn sílẹ̀. Ẹ̀rù Bàbá kò bà mí ní ti èyí. Ìwé kékeré kan wà lápò wọn tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ara àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sí. Bí iye tí mo pè kò bá bá ìwé wọn mu, wọn a ní kí n tún àwọn wọ̀n, wọn a sì bọ́ fìlà kí n má baà rí àwáwí.

Ọ̀rọ̀ Táyọ̀, ẹni ọdún 23 nínú ìdílé yín, ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ gidi ni, ó ní òun yóò yọ̀ǹda kíndìnrín òun. Òótọ́ ni pé kíndìnrín ẹni ọdún 23 lágbára ju ti àgbà lọ, nítorí láti bí ọmọ ogójì ọdún ni agbára rẹ̀ ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀, kódà lára ẹni tí kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fúnni pẹ̀lú: Táyọ̀ yóò fi ẹyọ kan tó kù gbé bí àádọ́ta ọdún, nínú ìdílé tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀. Ohun àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní APOL1 tún wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Bí ènìyàn bá gba irú rẹ̀ tó léwu láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu àìsàn kíndìnrín a pọ̀ sí i, àìsàn náà sì lè má tíì fara hàn lẹ́ni ọdún 23. Ní tèmi, Bàbá Kékeré ní Òrò ló yẹ kí a kọ́kọ́ bi bóyá wọn yóò fúnni: ẹni ọdún 54 ni wọ́n, ìfúnpá wọn dára, bí àìsàn yóò bá sì hàn lára wọn, ó ṣeé ṣe kó ti máa hàn. Ohun tí kíndìnrín wọn lè ṣe yóò tó Bàbá lò. Láti ọdún 1999 ni Jámánì àti díẹ̀ nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti ń fún àwọn tó ti pé ọdún 65 ní kíndìnrín olóògbé tó ti pé ọdún 65 pẹ̀lú, tí wọ́n sì ń gbìyànjú kí ó má pẹ́ nínú yìnyín tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí kí wọ́n tó fi sí ara. Lọ́dọ̀ wa, alààyè la gbójú lé, nítorí náà ọjọ́ ọ̀la ẹni tó ń fúnni wà lára ìṣirò.

Kí o tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ fún ìrìn-àjò Íńdíà nítorí iṣẹ́ abẹ náà, fi owó àyẹ̀wò ọkàn Bàbá ránṣẹ́ ná, kí o sì pe Bàbá Kékeré fúnra rẹ. Má ṣe jẹ́ kí Táyọ̀ bá wọn sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Wọ́n máa ń dé láti oko ní ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Sìdíkátù