Ẹ̀sùn Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ìjàpá Tí Ẹ Tà Fún Mi

Mọ́níyà,
Ìbàdàn.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Tó Ń Ta Ẹ̀yà Ara Ọkọ̀ Àtijọ́,
Èkó.

Alàgbà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Mo ra bọ́nẹ́ẹ̀tì kan àti fẹ́ńdà iwájú méjì lọ́wọ́ yín fún Volkswagen Ìjàpá mi, ₦460,000 ni ẹ sì gbà kí ẹrù tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ti ọkọ̀ mi. Àwọn òṣìṣẹ́ yín kò gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin fúnra yín.

Ọdún 1976 ni wọ́n to Ìjàpá yìí pọ̀ ní Ọ̀jọ́, nílé-iṣẹ́ Volkswagen ọ̀nà Badágírì, níbi tí àwọn kọ̀ńdọ́ ṣì ń pè ní "Volks". Bàbá mi ló rà á ní tuntun. Imú rẹ̀ kúrú, ẹ́sítírà táyà rẹ̀ sì wà ní ìdúró níwájú. Gbogbo èyí ni mo kọ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tòun ti fọ́tò, kí n tó san kọ́bọ̀. Ọmọ yín tó dá mi lóhùn ní: "Ẹ má mikàn, dádì. Ìjàpá ni Ìjàpá. Gbogbo èyí tó jáde láti 1968 ló máa wọ̀."

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ní 1970, Volkswagen gbé Ìjàpá mìíràn jáde tí wọ́n pè ní 1302. Wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ́sítírà táyà sílẹ̀ kí búùtù, tó jẹ́ pé iwájú ló wà nínú Ìjàpá, lè gba ẹrù sí i, imú rẹ̀ sì wá gùn. Nígbà tí 1303 dé ní 1972, wọ́n tún tẹ gíláàsì iwájú kọrọdọ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tiwọn ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n onímú kúkúrú kò parẹ́ o. Brazil ń ṣe é, Mexico náà ń ṣe é, Mexico ló sì ṣe ìgbẹ̀yìn ní 2003. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí jẹun yẹ kó mọ̀ ọ́n ju èmi tí mo ń tún ẹyọ kan ṣe lọ.

Nígbà tí panẹ́bítà mi so bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, òkè jókòó dáadáa, a ti fẹ́ máa yọ̀. Ó pa á dé báyìí, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ré kọjá irin iwájú, lọ́ọ̀kì kò ríbi mú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gun orí fẹ́ńdà lọ́tùn-ún lósì. A dojú rẹ̀ bolẹ̀, a bá bébà kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀: 1302 ló wà níbẹ̀ gàdàgbà. Bébà tiyín wà lára páálí níta, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Gbogbo Ìjàpá, 1968 sókè".

Mo fi fọ́tò bébà méjèèjì ránṣẹ́. Èsì yín ni pé kí panẹ́bítà gé imú rẹ̀, kó sì jó o pa pọ̀. Irin tuntun, tí mo fowó gidi rà, kí n gé e, kí n fi fílà tí wọ́n ń rẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ dí ojú rẹ̀, kó wá máa dógùn-ún níbi tí iná wẹ́dà bá ti kàn án? Wọ́n tún ní panẹ́bítà mi ni kò mọṣẹ́. Ọkùnrin náà ti ń lu ara Ìjàpá kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn tó dáyé.

Ẹ má sì sọ pé kí n gba Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, lọ. Mo ti débẹ̀. Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kì í wọ́n jù, ṣùgbọ́n bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kò tíì dógùn-ún ṣọ̀wọ́n, ohun tó gbé mi dọ́dọ̀ yín gan-an nìyẹn.

Fẹ́ńdà kò burú. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti àtijọ́, a sì fẹ ihò bóòtù kan díẹ̀ kó tó wọlé. Mo ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá gbé e, kí owó ọkọ̀ jẹ́ tiyín. Ẹ fún mi ní ti onímú kúkúrú, tàbí kí ẹ dá ₦310,000 tó jẹ́ owó rẹ̀ padà sínú àkáǹtì mi. N kò fẹ́ kí ẹ ní kí n fi owó náà ra nǹkan mìíràn lọ́dọ̀ yín. Kí ẹ sì pa ọ̀rọ̀ "Gbogbo Ìjàpá" yẹn rẹ́ lára páálí, torí ẹlòmíì ń bọ̀ wá rà á. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Òfin ọdún 2018 tí wọ́n ń lò gba oníbàárà láyè láti dá ọjà padà bí kò bá wúlò fún ohun tó ti sọ fún ọlọ́jà pé òun fẹ́ fi ṣe. Èmi sọ ọ́ fún yín, mo sì tún ya fọ́tò rẹ̀.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì yín wà nínú páálí rẹ̀, a kò gé e, a kò kùn ún. Kí awakọ̀ yín pè kó tó gbéra. N kì í sí nílé lọ́jọ́ Ẹtì.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.