Ẹ Má Fi Orúkọ Ọlọ́run Bo Iṣẹ́ Tí Ẹ Kò Ṣe

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a ń ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ wa níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tó wà nípò gba máìkì. A rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá, ni yóò bá wa sọ. Ohun tó sọ ni pé ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ti kọjá agbára èèyàn, àdúrà nìkan ló kù. Àwọn kan ké "Àmín!" Mo rántí àwọn tí taǹkà ti pa lójú ọ̀nà yẹn, Àmín náà há mi lọ́fun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Ọlọ́run ti dá sí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo ṣì kéré nígbà ogun abẹ́lé, ọgbọ̀n oṣù gbáko ni wọ́n fi jà á. Nígbà tó parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970, ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn pé wọn yóò tún máa pa àwọn tó ṣẹ́ kù. Gowon ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Bí ìyẹn kì í bá ṣe àánú Ọlọ́run, kí la fẹ́ pè é? Ọdún 1998 ńkọ́? Ọgbẹ́ June 12 kò tíì jinná, Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, Abíọ́lá náà kú sí àhámọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Keje. A ti gbà pé Nàìjíríà ti tú ká nìyẹn. Àmọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 1999, ìjọba alágbádá wọlé.

Ti Ebola ló máa ń mú omi bọ́ lójú mi. Oṣù Keje ọdún 2014 ni arákùnrin kan gbé e wọ Èkó láti Làìbéríà. Èkó tí èrò ń fara gbún ara! Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ tí Ọlọ́run lò. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀, ó ní aláìsàn náà kò ní jáde ní ọsibítù. Àrùn náà ló pa òun fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Obìnrin yẹn kò sọ pé àdúrà nìkan ló kù.

Àwọn baba wa náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun Ìlọrin sọ ọ̀pọ̀ ìlú àyíká wa di ahoro, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sá wọ̀, ogun kò sì kó o. Wọ́n mọ odi, wọ́n wa yàrà, wọ́n sì ń ké pe Ẹlẹ́dàá.

Bí obìnrin tó ń wá ọmọ bá jẹ́ ẹ̀jẹ́, tí Ọlọ́run sì dá a lóhùn, ṣé kì í wá san án níwájú ìjọ ni? Kí ló dé tí tàwọn tó wà nípò fi yàtọ̀? Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ra ìwé ńlá kan. Ẹni tó bá wà nípò tó fẹ́ gba máìkì, kí ó kọ́kọ́ kọ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ ní Yorùbá tó yé gbogbo wa: irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ibi tó wà, oṣù tí yóò parí, kí ó sì buwọ́ lù ú. Nígbà ìkórè ọdún tó tẹ̀ lé e, kí akọ̀wé ìjọ kà á sókè. Bí kò bá tíì san án, kí ó jókòó bíi ti gbogbo wa, kí ó gbọ́ ìwàásù. Kí àwọn mọ́ṣáláṣí náà ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Kí àwọn pásítọ̀ wa sì yéé tú àgbàlagbà dìde lórí àga iwájú nítorí àwọn tó wà nípò.

Mo tún un sọ: ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run bo iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe. Ìkórè tiwa ku oṣù méjì. Mo ti bá àwọn ìyá ìjọ sọ ọ́, ìwé náà, èmi ni n ó rà á.

Èmi ni,
Ìyá Ìjọ kan,
Àdúgbò Tàkíé, Ògbómọ̀ṣọ́.