Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Yín Ru Èṣù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ilé-Ifẹ̀,

Láti ìjẹta tí ọmọ àdúgbò wa kan ti dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn ìyá aláta tó ń dá àjọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní, "Ẹ dárí jì mí, iṣẹ́ èṣù ni," oorun kò kùn mí mọ́. Àjọ oṣù mẹ́jọ ló fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ tó fi ń kọ iye tí oníkálukú san sínú ìwé pélébé kan náà ló fi ń tẹ fóònù.

Gbólóhùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju owó lọ, nítorí èmi náà ti sọ ọ́ rí. N kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí mo jí àpò kòkó bàbá mi kan tà. Nígbà tí àṣírí tú, mo ní èṣù ló tì mí. Bàbá mi, tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, kò lù mí, ó mú mi lọ sí ìdí yangí, òkúta Èṣù, tó wà ní oríta wa ní Ìlódè, níbi tí èèrà ti ń tò lọ tò bọ̀ lára epo tí wọ́n ta sí i láàárọ̀, ó ní: "Bi í bóyá ó bá ọ gbé àpò náà." Mo dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ ní ìlú yìí ni í gbé ẹbọ dé ọ̀run. Ó ń dán ènìyàn wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pè é ní ọ̀tá Olódùmarè. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, tí Ajayi Crowther ṣáájú wọn, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹni ibi inú Ìwé Mímọ́. Bẹ́ẹ̀, nínú Bíbélì kan náà, Jákọ́bù ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ẹni ló ń fa ènìyàn lọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ ṣí Súrà Ibrahim, ẹsẹ 22: Bìlísì fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé òun kò lágbára kankan lórí yín ju pé òun pè yín, ẹ sì jẹ́ òun, kí ẹ má bá òun wí. Ta ló wá kù tí ẹ ó gbé ẹ̀bi yín fún?

Ó ti sú mi! Ẹ lu jìbìtì, èṣù ni. Ẹ na ìyàwó, èṣù ni. Ẹ ra mọ́tò, n kò gbọ́ rí pé èṣù ló rà á.

N kò sọ pé ibi kò sí. Tibi tire la dá ilé ayé. Ṣùgbọ́n ohùn tó ní kí n gbé kòkó lọ́jọ́ yẹn, ohùn ara mi ni. Bí ẹ bá mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ń pè yín, ẹ má gba owó olówó tọ́jú. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ tètè sọ fún ẹnì kan nígbà tí ohun tó sọnù kò tíì ju ohun tí ẹ lè san lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ìyá yẹn ń bọ̀ nílé mi. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọmọ tó ta tẹ́tẹ́ yẹn, ẹ bá mi sọ fún un kó mú ìwé pélébé yẹn dání, kó ka iye tó jẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan sókè létí wọn.