Àdùkẹ́, òpó kẹrin kò sí níbẹ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Orúnkún mi ti ń gbọ́ oògùn, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè lọ wo ilẹ̀ yín ní Sátidé bí o ṣe bẹ̀ mí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ò ṣeé sọ tán lórí fóònù, ni mo fi jókòó kọ ọ́.

Mo mú ẹ̀dà ìwé sọ́fè dání, mo mú àdá, mo sì pe ọmọ kan ládùúgbò pé kó wá bá mi ṣánko. Òpó kọnkéré mẹ́rin, tó ń sàmì igun ilẹ̀, ló wà nínú ìwé. Èyí tó wà létí ọ̀nà la kọ́kọ́ rí. Koríko ti bò ó, ikán ti mọlé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi ẹ̀yìn àdá ha erùpẹ̀ orí rẹ̀ kúrò, mo da omi inú ike mi sí i, nọ́ńbà tí wọ́n fín sára kọnkéré náà sì yọ síta, ó bá ti inú ìwé mu rẹ́gí. Ìkejì àti ìkẹta náà wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ìkẹrin, èyí tó wà lápá odò, ihò rẹ̀ nìkan la bá, yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ṣì rọ̀. Mi ò sọ pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ hú u. Katapílà tó ń la ọ̀nà lè ti gbé e. Àmọ́ apá ibẹ̀ gan-an ni ẹnì kan ti da yanrìn àti búlọ́ọ̀kù sí, ó ń múra àtikọ́lé.

Ọmọ tó bá mi ṣánko ní ká wá òkúta rì síbẹ̀. Mo ní ó tì. Àdùkẹ́, má ṣe é, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ ṣe é. Onílẹ̀ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ri òpó sọ́fè. Bó o bá rì í, tó fi ẹsẹ̀ bàtà kan péré wọ ilẹ̀ ẹlòmíì, ìwọ lo di ẹni tó yẹ ààlà, ọ̀ràn sì ni lábẹ́ òfin. Sọ́fíyọ̀ tó fọwọ́ sí ìwé yẹn ni kó o pè. Àwọn iye ìwọ̀n tó kọ síbẹ̀ ló ń tọ́ka ojúkò òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ rẹ̀ á sì tún ibẹ̀ rí, kódà ká ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọnù.

Nígbà tó o bá ń bá a sọ̀rọ̀, bi í bóyá ó ti fi ẹ̀dà pupa ìwé náà, èyí tó jẹ́ ti ìjọba, sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí àwọn sọ́fíyọ̀ ìjọba, ní Sẹkitéríàtì, Agodi. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé agbègbè yẹn. Ó dùn mí pé ẹ ò ṣe é kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó, kò lè gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ìjọba.

Wọ́n tà á fún yín ní ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ́nà 100. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún òpó rì, kí ọkọ rẹ fa okùn láti igun sí igun, kó dábùú ara wọn. Bí ilẹ̀ náà bá gún, okùn méjèèjì á dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 111 àti íǹṣì 10. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ bi sọ́fíyọ̀ léèrè níṣojú gbogbo yín, nítorí ilẹ̀ mìíràn wà tó dagun láti ilẹ̀ wá, tí ìwé sì sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá di ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì, ẹ rántí pé ìpìlẹ̀ fẹ̀ ju búlọ́ọ̀kù lọ. Inú ilẹ̀ yín ni gbogbo ìpìlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà. Níbi iṣẹ́ bíríkìlà tí mo fi tọ́ yín, ibẹ̀ ni mo ti rí ìjà jù.

Ṣé o rántí ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn kíṣínì wa ní Ológúnẹrú, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ lẹ fi máa ń kọjá níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá lọ ṣàwáàrí bọ́ọ̀lù? Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún yín rí. Lọ́jọ́ tí mo pààlà, èmi àti ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi nìkan la wà níbẹ̀. Aládùúgbò mi rìnrìn àjò, mi ò sì dúró dè é, nítorí òjò ti ń ṣú, mo fẹ́ yára gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ìgbà tó dé, a tún un wọ̀n, fẹ́ǹsì mi sì ti wọ inú ilẹ̀ rẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi wó fẹ́ǹsì tí mo fọwọ́ ara mi kọ́. Ilé ti dúró nígbà yẹn, ibi tí fẹ́ǹsì sún sí ló gba ẹ̀yìn kíṣínì. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ń wo ara wa bí ọ̀tá kó tó di pé a ń kíra. Ọ̀rẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀, Àdùkẹ́. Òun ló fún mi lómi ìpìlẹ̀ ilé.

Torí náà, mo ti lọ bá ẹni tó da yanrìn sílẹ̀ yẹn. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó láwọn náà ò mọ ibi tí ààlà wà, àwọn á dá iṣẹ́ dúró títí sọ́fíyọ̀ á fi dé. Ìyá àgbàlagbà tó ń dáko lápá kejì náà láwọn á wá, wọ́n sì sọ fún mi pé pẹ́rẹ́gún ni wọ́n fi pààlà níbẹ̀ láyé bàbá wọn. Ìdí pẹ́rẹ́gún kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀ báyìí, wọ́n mú mi débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ò lè pa pẹ́rẹ́gún bọ̀rọ̀, ìyẹn làwọn baba wa ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ti odò yẹn, ẹ má kọ́ ohunkóhun sétí rẹ̀. Mo wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro, mo sì tún rí ti oṣù Kẹjọ 2011. Ẹ bi àwọn tó ń bójú tó ètò ìlú bẹ́ ẹ ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sómi tó.

Ẹ fi Sátidé kan sílẹ̀, kí ìwọ àti ọkọ rẹ jọ wá. Ojúlówó ìwé ni kẹ́ ẹ mú bọ̀, kì í ṣe fọ́tò orí fóònù. Ìyá rẹ ní òun á se ọ̀fadà fún gbogbo ẹni tó bá wá dúró níbẹ̀. Èmi ti gé igi pẹ́rẹ́gún mẹ́jọ, mo kó wọn sínú omi lẹ́yìn ilé, méjì méjì fún igun kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, ní Ìbàdàn.